Orin Tí Mo Kọ́kọ́ Tọ́ Wò Fún Ọmọ Mi

Apá ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé kan ni mo ń rán lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin náà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìkàrẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kà. Ọmọ mi obìnrin jókòó lẹ́yìn mi, ó ń bá mi rán bọ́tìnnì. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní kí n gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé wákà ni.

Ẹni tó bá ti fi màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ránṣọ pẹ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ lé ìlù tó bá ń dún nítòsí, kódà bí olúwarẹ̀ kò bá fẹ́. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ lé e. Ìlù náà lù dé eéje, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ẹsẹ̀ mi ń retí ẹ̀ẹ̀kẹjọ, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹjọ. Abẹ́rẹ́ yà kúrò lójú ìlà, apá ṣẹ́ẹ̀tì wọ́. Mo tú u, mo tún un rán, ó tún wọ́. Ọkùnrin kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá pariwo bí ẹni ń fa páànù lórí sìmẹ́ńtì. N kò fi ṣeré: itọ́ kún mi lẹ́nu bí ìgbà tí èébì bá fẹ́ gbé ènìyàn.

Mo ní, "Pa á."

"Màmi, kò tíì dé ibi tó dùn."

"Kí ló ṣe é tí kò lè lu ìlù rẹ̀ parí?"

"Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Rọ́ọ̀kì ni. Purogirẹ́sífù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ lórúkọ rẹ̀. Pa á."

Ó pa á. Ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló yẹ kí n ṣàlàyé, torí òun ló ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo nǹkan lọ nígbà yẹn. Ọmọ mi ti parí ilé-ìwé girama, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti wọ yunifásítì. Òun kò tíì rí àyè wọlé. Ó gbìyànjú, wọn kò mú un, ó tún gbìyànjú, wọn kò mú un. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti jẹun" nìkan ni màá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí mo bá rán an lọ ra òwú, yóò lọ, yóò bọ̀, ẹni tó ta òwú fún un kò ní gbọ́ ju àwọ̀ òwú lọ. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, pé yóò kọjá. Mi ò lè fi í sílẹ̀. Mò ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó wà lórí iná.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kọjá tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ geere, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Ẹ má dá a lẹ́jọ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ orin kẹta. Orin kẹta ló gbé gbogbo rẹ̀ ró." Mo rò pé ọkùnrin kan wà nínú yàrá. Mo ṣílẹ̀kùn. Òun nìkan ni, ó jókòó sórí ẹní, ó gbé fóònù sẹ́nu.

Ó ṣàlàyé fún mi. Àwọn kan wà nínú gúrúùpù orí fóònù tó jẹ́ pé orin yìí nìkan ni wọ́n jọ fẹ́ràn. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun bá ti jáde ní òkè òkun, ẹnì kan nínú wọn yóò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti sọ ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tí kò dára, yóò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù pẹ̀lú orin náà. Ọmọ mi ló ń ṣe tirẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ó ní ti òun ni wọ́n máa ń dúró dè jù.

Mo bi í bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọ ta ni wọ́n, níbo ni ilé wọn wà. Kò mọ ìkankan.

"O ò mọ̀ wọ́n, o sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ ju bí o ṣe ń bá èmi sọ̀rọ̀ lọ."

"Àwọn kì í bi mí nípa yunifásítì, Màmi."



Ó wá fi àwòrán tó wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn mí. Orí ènìyàn ni, igi hù jáde láti ojú rẹ̀, ìdin sì wà lára igi náà. Ohun tí ọmọ tí mo wẹ̀, tí mo fi òrí pa lára, ń wò kó tó sùn nìyẹn.

Kò pẹ́ sí i ló ní ọ̀kan nínú wọn, tíṣà kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ní kí àwọn tó wà ní agbègbè Àkókó wá sí ilé òun ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí wọ́n jọ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun kan. Ó fẹ́ lọ. Mo ní kò ní lọ. Ọmọ mi ò bá mi jiyàn. Ó kàn padà sínú ìdákẹ́ rẹ̀, oúnjẹ tí mo gbé fún un sì tutù sórí tábìlì. Mo wá rí i pé ọ̀nà méjèèjì ni ewu wà. Bí mo bá dí i lọ́nà, ẹnu rẹ̀ lè pa dé pátápátá. Bí mo bá jẹ́ kó lọ, ilé ẹni tí mi ò mọ̀ ni màá rán an lọ, nítorí ariwo tó ń rí mi lára.

Ọ̀kà ni wọ́n ti bí mi. Nínú ilé wa níbẹ̀, ìyá kì í rọ ọmọ lágbo láì kọ́kọ́ fi kan ahọ́n ara rẹ̀, kó lè mọ bó ṣe korò tó àti bóyá ó ti kan. Mo gbé àṣà náà wá sílé ọkọ, mo sì fi oògùn òyìnbó kún un. Gbogbo oògùn olómi tí wọ́n fún ọmọ mi ní ọsibítù ni mo tọ́ wò kó tó mu ún. Ọmọ náà mọ̀ mí mọ́ ọn dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí mo wí fún un pé ohun tí mi ò tíì tọ́ wò kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, kò yà á lẹ́nu.

Ó ní, "Ó ti wọ inú mi láti ọdún tó kọjá."

"Nígbà náà, ó yẹ kí n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ṣé ẹ máa gbọ́ ọ tán? Títí dé òpin?"

"Ṣé mo máa ń tu àgbo dànù ní ààbọ̀ ni?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi íyápíìsì sétí, mo sì jókòó. Orin àkọ́kọ́ nìkan gùn ju wáàsí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lọ. Kò sí ẹni tó kọrin ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Dùùrù kan ń kùn bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, lẹ́yìn náà ni omi ń kán, lẹ́yìn náà ni ìlù já wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí akọrin wá dé, ó ń ké bí ẹni tí abẹ́rẹ́ màṣíìnì gún ní èékánná. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo bọ́ íyápíìsì kúrò, mo fi aṣọ nù ún, mo nu etí mi pẹ̀lú.

Ọmọ mi mú fóònù dání. Mo rò pé ó ń wo aago ni.

"Báwo ló ṣe rí, Màmi?"

Mo wúkọ́, mo sì sọ fún un. Mo ní ọbẹ̀ tí wọ́n sè tó kan tí wọ́n sì tún gbé kaná ni. Mo ní eéje ni ìlù rẹ̀ ń lù ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín ó di márùn-ún, nígbà tó yá ó padà sí eéje bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Mo ní ẹni tó ń lu dùùrù náà mọ̀ ọ́n lù, ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, torí ẹni tó mọ aṣọ rán kì í mọ̀ọ́mọ̀ rán apá òsì sí ọrùn. Mo ní bí ó bá jẹ́ aṣọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, màá dá a padà nínú ọ̀rá tó bá wá.

Mi ò mọ̀ pé ó ń ká ohùn mi sílẹ̀. Ẹni tó sọ fún mi ni obìnrin onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti wọ ẹgbẹ́ olórin."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnì kan fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Àtikọ́ tí ẹ wú, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ikọ́ tí mo wú nínú ṣọ́ọ̀bù mi ti wọ etí àwọn tí mi ò lè mọ̀ bí mo bá pàdé wọn lójú títì. Mo pe ọmọ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ tó dun òun náà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí. Ó wá ní, "Wọ́n ní àwọn ò tíì gbọ́ ẹni tó kórìíra rẹ̀ tó sì gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀wọ́ wá sí Ọ̀kà."

Mo ní màá wá. Mi ò sọ fún un pé mo fẹ́ rí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àti pé bí ojú kan bá wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, màá gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó padà dé Ìkàrẹ́.

Ẹsẹ̀ àpáta kan ni ilé tíṣà náà wà. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó fi èdè Ọ̀kà bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí, mo sì sọ fún un. Ó mọ ìyá mi. Ọkàn mi rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ mo ṣì bi í pé kí lòun rí sí orin tí ọmọ òun ń gbọ́.

Ó ní, "Àwọn ewúrẹ́ mi kì í wọlé mọ́ ní Sátidé. Kí n tún máa wí kí ni?"

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú pálọ̀: tíṣà fúnra rẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, àti nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo wo ojú wọn dáadáa. Wọ́n jókòó jìnnà síra wọn, wọ́n sì di ọwọ́ mọ́ra bí àwọn tó ń retí àbájáde ìdánwò. Tíṣà tan sípíkà. Ohun tó burú nínú íyápíìsì tún wá burú sí i. Fèrèsé ń gbọ̀n. Ìjókòó tí mo wà lórí rẹ̀ ń gbọ̀n, orin náà sì ń gba ìdí wọ inú mi. Mo kọ omi tí wọ́n gbé fún mi, torí mi ò mọ̀ bóyá yóò dúró síkùn.

Nígbà tó parí, ọmọ mi dìde. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní apá kejì orin náà kò yẹ kó wà níbẹ̀. Tíṣà ní ó yẹ.

"Bùọ̀dá, ẹ kàn fẹ́ràn gìtá ni. Ẹ ò gbọ́ ohun tó bò mọ́lẹ̀."

"Kí ló bò mọ́lẹ̀?"

"Ẹ tún un tàn, kí n fi hàn yín."

Wọ́n tún un tàn. Ó gbé ìka sókè, ó ń tọ́ka sí ohun tí ojú kò rí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dá wọn lóhùn, ó fi tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mi ò rí eyín ọmọ mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò ní girama. Ọwọ́ mi wà nínú báàgì mi, níbi tí mo ti pèsè àyè sílẹ̀ fún fóònù náà. Mo yọ ọwọ́ mi jáde.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Màmá, kí lẹ̀yin rí? Ṣé kí n ká ohùn yín sílẹ̀?"

Ó kéré tán, èyí bèèrè. Mo ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wúkọ́ tán." Mo wúkọ́ tán, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn, pé mo ti gbọ́ ìró ṣáláńgá tó kún nígbà òjò rí, ó sì ṣe mí lóore ju èyí lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ náà rí mi lára.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ọmọ mi sọ̀rọ̀ láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́. Orin yẹn náà ló ń sọ, gìtá yìí, dùùrù yẹn. Etí mi ń hó, orí ń fọ́ mi, mi ò dá a dúró. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ ni mo sọ àdéhùn mi fún un: ilé tí mi ò bá kọ́kọ́ wọ, kò ní wọ ọ́, rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun tó bá sì dé, èmi ni màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Gbogbo rẹ̀, Màmi? Wọ́n máa ń pọ̀ o."

"Gbogbo rẹ̀."

Ó ti wọ yunifásítì báyìí, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀kan tó dára. Bí ó bá délé ìsinmi, yóò gbé fóònù lé orí tábìlì ìgéṣọ bíi ti tẹ́lẹ̀, yóò sì máa wo ojú mi. Màá mú ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì, torí aṣọ oníbàárà wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, màá gbé itọ́ mì, màá ní kó tàn án.