Edwige Tó Ń Fa Wáyà Yọ

Bí ẹ bá rí Edwige níbi tó ti ń fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ẹ ó rò pé ìjà ló fẹ́ jà. Ọmọ Ifẹ̀ ni, àwọn ìbátan Yorùbá tó wà ní apá Atakpamé, òun ló sì ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Tokoin Wuiti. Orí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sí. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti parí, ilé ẹ̀kọ́ á ti ìkànnì náà mọ́ wọn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀.

Lọ́dún yìí, Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ tì í. Dárasími, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ yíya àwòrán ilé, wá dágbére fún Edwige ní Ọjọ́rú. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ọ̀gá kan tó ń kọ́lé ní Kpogan fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, Dárasími sì ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì. Edwige ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, ó fa wáyà yọ kó lè mọ̀ bóyá yóò ṣí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé funfun báláú ni wọ́n rí. Àdírẹ́sì ìkànnì lásán ni ọmọ náà kó, àwọn àwòrán ṣì wà lórí ìkànnì.

Edwige kò bá Dárasími wí, nítorí òun náà ti jẹ irú ìyà yẹn rí. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, iwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ gan-an ni ojú ìwé tirẹ̀ ti kọ̀ tí kò ṣí. Wọ́n ti pa ìkànnì tó kó iṣẹ́ rẹ̀ sí rẹ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti dá wáyà kankan sí mọ́.

Obìnrin yìí ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó ti Dárasími. Wọ́n kó àwọn àwòrán jáde, nọ́ńbà lásán ni ìkànnì fi sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ gidi, wọ́n kọ ohun tí olùkọ́ sọ nípa rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣe ojú ìwé kan tí èèyàn lè ti ibẹ̀ ṣí gbogbo wọn. Edwige fa wáyà yọ. Gbogbo rẹ̀ ṣí.

“Ó ti di tìẹ báyìí,” ó wí.

Ní Ọjọ́ Ajé, Dárasími pè é láti Kpogan.

“Màdáàmù, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fíìsì wọn láti àárọ̀. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta tó ṣáájú mi padà wá lọ́la. Èmi nìkan ni mo rí nǹkan fi hàn wọ́n. Wọ́n ti gbà mí.”

Edwige kí i kú oríire, ó gbé fóònù sílẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ẹkún ọdún mọ́kànlá ni. Ó nu ojú, ó dìde, ó sì nawọ́ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà Carine, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, tó ń fọ́nnu pé òun ti kó tòun tán.