Fíìmù Tí Mo Ṣe, Tí N Kò Rí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́rọ̀ òjò dé pẹ̀lú ìjì, mo sì sáré ti gbogbo fèrèsé. Kò pẹ́ tí òórùn yàrá tí a tì pa fi kún imú mi: òógùn, ẹní àtijọ́, òrí tí mo fi para. Ni mo bá tún bá ara mi ní yàrá ìyá bàbá mi, ní abúlé wa lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán, lọ́dún tí Nàìjíríà gba òmìnira.

Ní ilé ìwé, tíṣà pín àsíá kéékèèké fún wa, a sì kọrin títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọdún orò dé, tí wọ́n ti gbogbo obìnrin mọ́lé láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Èmi àti àsíá òmìnira mi jókòó sórí ẹní. Ìyá àgbà fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ohùn orò ń ké bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni ewúrẹ́ wa tó ń jẹ̀ kiri níta, abo sì ni.

"Ìyá, ṣé ewúrẹ́ kì í ṣe obìnrin ni?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu mi, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rù ni, àṣé ẹ̀rín ni.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ, ohun tí wọn ò jẹ́ kí n rí lọ́jọ́ náà ló sọ mí di oníṣẹ́ fíìmù. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n sì dé Ìlọrin, mo wọ iṣẹ́ náà, mo sì di ọ̀gá àwọn tó ń ya fíìmù nípa ìgbésí ayé àwọn ènìyàn wa. Mo ya ère òkúta Ẹ̀sìẹ́. Mo ya àwọn amọ̀kòkò àti àwọn ahunṣọ. Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí orò, ránṣẹ́ pè mí. Àwọn àgbà ń kú lọ, ó ní, àwọn ọmọkùnrin wà ní Kàdúná àti Èkó, wọn kì í wá kọ́ ọ.

"Wá yà á fún wa, kó má baà parẹ́."

Inú mi dùn jọjọ. Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Ṣùgbọ́n ojú obìnrin kò gbọdọ̀ kan fíìmù yẹn láéláé. Ojú tìrẹ náà."

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́.

Mo fi ẹfun ya àwòrán ojú agbo orò sílẹ̀ fún Jímọ̀, oníkámẹ́rà mi, mo fi ibi tí oòrùn máa gbà yọ hàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti èmi ọ̀gá mọ́ yàrá ìyá bàbá mi kan náà, pẹ̀lú ṣòkòtò mi àti aago ọwọ́ mi. Àwọn ìyàwó ilé ti àtẹ ẹ̀gúsí síwájú mi: "Ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n, ẹ bá wa bó o."

Mo ń bó o, mo ń gbọ́ ìró kámẹ́rà mi níta. Pákó fèrèsé ti là, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo dìde, mo rìn débẹ̀. Ìka méjì péré ló kù kí ojú mi kan án. Mo tú ìborí mi, mo sì fi dí i. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àwọn ìyàwó ilé ṣe bí ẹni tí kò rí mi, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Lónìí, ìsémọ́lé náà kì í tó wákàtí méjì mọ́. Bó bá di ọ̀sán, ọ̀kadà ti ń gbé obìnrin kọjá. Àbúrò bàbá mi ti lọ, Jímọ̀ náà ti lọ. Kò sí ọmọkùnrin kankan tó béèrè fíìmù náà, ni àwọn ará ilé wa bá gbé agolo tí wọ́n ká a sí wá fún mi, ó sì wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ agbẹjọ́rò sọ pé àwọn kan wà tó lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà. "Màámá, ta ló ń dá yín dúró?"

Mo ní kò sí ẹnì kankan, àfi ẹ̀jẹ́ tí mo fẹnu ara mi jẹ́. Ká ní ẹnì kan ń dá mi dúró ni, ǹ bá ti wò ó tipẹ́tipẹ́.