Ọwọ́ Òsì Ehudu

Ogún ọdún ni Machtelt fi ń fi gègé àti tàdáwà ya àwòrán inú Bíbélì nílé ọkọ rẹ̀ ní Antwerp. Wouter ọkọ rẹ̀ á wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, láìtijú. Nígbà tí Wouter kú, Ọ̀gá Lieven tó ń tẹ àwòrán tà ní òun ò mọ̀ bóyá opó lè dá iṣẹ́ ṣe. Ó ní kó ya Ehudu níbi tó ti ń gún Egloni ọba lọ́bẹ, kó parí rẹ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà. Bí kò bá dáa, ẹlòmíràn lòun máa gbéṣẹ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Machtelt fi yà á fínnífínní, títí dórí eṣinṣin tó bà sórí èso ọba. Ní ọjọ́ Tusidé, Govaert tó máa fín in sára bàbà wá wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọwọ́ òsì lẹ fi ọ̀bẹ sí."

"Ṣé o kì í ka Bíbélì ni? Ọlọ́wọ́ òsì ni Ehudu."

"Mo kà á. Tá a bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńkọ́? Ọwọ́ wo ló máa bọ́ sí?"

Machtelt tún wo ọ̀bẹ náà. Òsì ara bàbà, ọ̀tún ló ń dà lórí bébà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi idà sọ́wọ́ òsì gbogbo jagunjagun tó bá yà. Ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó fi tirẹ̀ sọ́tùn-ún ló gbàgbé. Ó dùn ún wọ egungun.

"Ẹ jẹ́ kí n máa fín in lọ. Ta ló máa wo ọwọ́?"

"Àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n á fi sọ pé opó ò mọṣẹ́. Lọ mu bíà rẹ, kó o padà wá ní Sátidé."

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó dojú àwòrán náà kọ dígí fèrèsé, ó tẹ́ bébà tuntun lé e lẹ́yìn, ó sì ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí oòrùn ṣe ń là á kọjá. Ọrùn ń ro ó, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, níbi tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Wouter bí Wouter ṣe máa ń kọ ọ́, ó dúró. Wouter ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń ya eṣinṣin. Ó kọ Machtelt, ó kọ ọ́ sódì kó lè tọ́ lórí bébà.

Nígbà tí Govaert fín in tán, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá Lieven ṣí bébà kúrò lára bàbà. Ọwọ́ òsì Ehudu ni ọ̀bẹ wà. Ó wo ìsàlẹ̀, ó lejú.

"Kí lorúkọ yín ń wá níbí? Ti Wouter làwọn èèyàn mọ̀."

"Orúkọ Wouter ni wọ́n mọ̀, ọ̀gá. Ọwọ́ tèmi ni wọ́n ń rà láti ogún ọdún."

Ọ̀gá Lieven tún wo eṣinṣin náà. Ó sá bébà sórí okùn kó gbẹ, ó wá bi í léèrè ohun tó máa yà tẹ̀lé e.