Bàtà Tuntun Ìyàwó Káfíńtà

Ìṣó mọ́kànlá ni nọ́ọ̀sì yọ nínú àpò ṣòkòtò káfíńtà kó tó jẹ́ kó wọ yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọpọlọ.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí máa ń fa irin mọ́ra o! Ṣé kò kù mọ́?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìkejìlá nínú ìbọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ gbà mí o!"

Ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo ọkùnrin yìí. Tó bá kan ilẹ̀kùn fún yín lónìí, ọmọ ọmọ yín á ṣí i, kò ní dún. Tẹ́tẹ́ ló fẹ́ bà á láyé jẹ́. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, títí kan ayùn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí tó ti jáwọ́, ìyàwó rẹ̀, tíṣà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, sì dúró tì í gbágbáágbá. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba káfíńtà: kí àwòrán má lọ sọ pé bí wọ́n ṣe dá orí òun nìyẹn, kò látùn-únṣe. Bí ìyàwó bá gbọ́ ìyẹn, ṣé ọ̀rọ̀ òun ò ní sú u?

Dókítà kan tó ń ṣèwádìí ohun tí tẹ́tẹ́ ń ṣe fún ọpọlọ ló ní kó wá; ó fẹ́ fi orí ẹni tó ti ta tẹ́tẹ́ wé ti ẹni tí kò ta á rí, ni wọ́n bá ya ti ìyàwó náà mọ́ ọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, dókítà tẹ́ àwòrán méjèèjì sórí tábìlì. Kò sí orúkọ lára wọn. Kó tó lanu, tíṣà ti nàka.

"Háà, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Tọwọ́ ọ̀tún yìí ni ti ọkọ mi! Ẹ ò rí i bó ṣe rí wúruwùru? Mo fi bàtà tuntun ẹsẹ̀ mi yìí ta á! Dádì, ó yá, ẹ wá bá mi ta á!"

Àtẹ́lẹwọ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Tọwọ́ òsì ló wà lọ́kàn tiẹ̀, ó sì ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ló bá mi orí.

"Rárá o. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́ mọ́."

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Kí ni mo sọ yìí?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, orí tẹ́ ẹ pè ní wúruwùru yẹn, tiyín ni."

Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé kò sẹ́ni tó lè wo àwòrán ẹnì kan ṣoṣo kó sọ pé atatẹ́tẹ́ rèé. Tí wọ́n bá kó ti ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ni wọ́n máa ń rí ìyàtọ̀ tín-ín-tín, ní apá ọpọlọ tí èèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Wọn ò tíì mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ náà ló ṣáájú àbí tẹ́tẹ́.

"Ṣé mo ṣì lè yí padà?" ni káfíńtà bi í.

"Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lójú mi yìí?"

Inú káfíńtà dùn, àfi bíi kó jó. Tíṣà ti bọ́ bàtà, ó ń nà án sí ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Ta ló bá ẹ ta nǹkan?" ni káfíńtà wí. "Wọ bàtà ẹ ká máa lọlé, jàre. Èmi ni màá máa ṣọ́ ẹ báyìí."