Àtàǹpàkò Tó Wà Lórí Ìwé Ìbò

Ńṣe ni ariwo dá wáí. Látìgbà tí ọmọ àgùnbánirọ̀ ti ń yọ ìwé ìbò nínú àpótí, tó ń gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo èèyàn rí i, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo là ń pè. Àwa ọmọdé ń ké e bí orin. Àdúgbò wa ní Sabon Gari, ní Kánò, kì í pín ìbò. Ibi tí Alága àwa ọmọ Yorùbá bá ní ká lọ là ń lọ. Àwọn Hausa ará Fagge tó múlé tì wá náà a gba ọ̀nà tiwọn. Àfi bí ọmọ àgùnbánirọ̀ ṣe gbé ìwé kan sókè, tí ìtẹ̀ka orí rẹ̀ wà lójú àmì ẹgbẹ́ àwọn ará Fagge.

"Haba!" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi. "Ta nìyẹn?"

"Júdásì kan wà láàárín wa," ni Alága dáhùn.

Iwájú pátápátá ni mo dúró sí. Mo rí ìtẹ̀ka náà dáadáa: ilà funfun kan là á sí méjì, láti òkè délẹ̀. Mo mọ àtàǹpàkò yẹn! Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo ti fi eyín gé ojú ẹ̀ jẹ.

Màmá tó ń ta mítípáì, tí yàrá wọn kángun sí tiwa, ló ni ín. Opó ni wọ́n. Kánò ni wọ́n bí wọn sí, Kánò náà ni wọ́n sin ọkọ wọn sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, màá ti máa gbọ́ bí Màmá ṣe ń na ìyẹ̀fun pípò mọ́ tábìlì, gbì, gbì, gbì, òórùn àlùbọ́sà àti èédú a sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá wa lórí ẹní. Fọ́ọ̀kì làwọn yòókù fi ń tẹ etí páì pa. Màmá ò lo fọ́ọ̀kì, àtàǹpàkò ọ̀tún ni tiwọn. Ọ̀bẹ ti là á nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, àpá rẹ̀ ò sì dí. Ibikíbi tí wọ́n bá tẹ̀ létí páì, ìyẹ̀fun a yọ òkè tín-ín-rín kan láàárín. A máa ń fi ahọ́n wá a kiri. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ládùúgbò.

Mo yíjú wò wọ́n lábẹ́ igi dóńgóyárò. Wọ́n ń fi etí ìborùn fẹ́ ara wọn, ojú wọn tutù bí omi inú àmù. Màmá yìí kan náà ló jókòó síwájú nípàdé, tí wọ́n ń mi orí sí gbogbo ohun tí Alága ń sọ!

Alága fa awò ojú wọn yọ, wọ́n sún mọ́ ìwé náà. Wọ́n yíjú wo Màmá. Ojú gbogbo èèyàn ṣí lọ sábẹ́ dóńgóyárò.

Nírọ̀lẹ́, Alága wá bá Màmá nídìí ààrò. Ojú fèrèsé wa ni mo wà.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí sí wa?"

"Kí ni mo ṣe, Alága?"

"Gbogbo àdúgbò ló mọ ọwọ́ yín!"

"Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Kò pa ẹnikẹ́ni."

"Ṣebí a fẹnu kò. Ẹ̀yin náà mi orí."

"Ẹ ò bi wá léèrè. Ẹ kàn sọ fún wa ni."

Alága dìde. "Ó dáa. Ẹ máa dá jẹ páì yín. Ẹ má ṣe páì ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, àwo Màmá kún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá mi pàápàá ní n ò gbọdọ̀ débẹ̀. Síbẹ̀ ìyá mi yìí náà ló yọ́ wọlé tọ̀ wọ́n, ó mú fọ́ọ̀kì dání: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi eléyìí tẹ̀ ẹ́. Tó bá yá, wọ́n á gbàgbé." Màmá gba fọ́ọ̀kì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi jẹ dòdò.

Àwọn Hausa oníṣọ́ọ̀bù inú Ọjà Sabon Gari ló ń rà á lọ́wọ́ wọn, títí ebi fi ṣẹ́gun ìbínú àwọn ará wa. Ó pẹ́ o. Alága ò tiẹ̀ jẹ ẹ́ mọ́ títí tí wọ́n fi kó lọ sí Hotoro.

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé Màmá gbàgbé àpá ọwọ́ wọn lọ́jọ́ ìbò yẹn ni. Ìgbà tí mo lóyún àkọ́bí mi ni mo tó bi wọ́n.

"Màmá, ṣebí ẹ ní ọwọ́ òsì. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi lo èyí tí gbogbo ayé mọ̀?"

"Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun ni mo fi dìbò," ni wọ́n wí. "Àbí mo jalè ni?"

Wọ́n mọ̀! Wọ́n mọ̀ pé àwo máa kún títí alẹ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà ìdìbò tó kọjá yìí, ọkọ mi ti sọ ẹni tí "a" máa yàn kí n tó pọn ọmọ jáde. Mo fi àtàǹpàkò kan tádàwà, mo sì tẹ̀ ẹ́ fún ẹlòmíì. Ọwọ́ tèmi ò ní àpá. Kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀. Bí mo ṣe délé, àkọ́bí mi fi Hausa pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe: "Mama, wa kika zaɓa?" Ta ni mo yàn. Bàbá rẹ̀ gbójú sókè nídìí fóònù.

Mo pe orúkọ náà. Mo sì dúró síbẹ̀.