Zacchaeus Oníbúlọ́ọ̀gì àti Òkú Tó Wá Kí I Nílé

Kò sẹ́ni tó pẹ́ ní Ẹgbẹ́dá tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí òkú wá kan géètì Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Òjò ti ṣú ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá di èémí mú. Zacchaeus jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ lẹ́yìn Gowon Estate, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń wo bí èrò ṣe ń ya wọ orí búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti gbé e jáde pé Fisáyọ̀ Àǹjọ̀nú ti kú. Fisáyọ̀ yìí ni òṣèré tó máa ń ṣe iwin nínú fíìmù, ọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí àwọn ìyá fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò bá fẹ́ sùn. Ní ṣọ́ọ̀bù Gàníyù onígbàjámọ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure ni Zacchaeus ti gbọ́ pé ó kú. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ilé ló sáré wá.

Géètì dún. Kó, kó, kó.

"Ta nìyẹn?"

Zacchaeus dìde, ó fi ojú kan sí ihò géètì. Ojú Fisáyọ̀ ló rí ní òdìkejì. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, atẹ́gùn òjò sì ń fẹ́ ẹ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus," ni ohùn kan wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ̀yin lẹ ní mo ti kú?"

Zacchaeus kò dúró wọ bàtà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó fo ògiri, ó sì já lulẹ̀ gbì sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Àwọn ọmọ ìjọ ń ṣe àdúrà lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló wọ funfun, kò sẹ́ni tó wọ bàtà nínú wọn, àbẹ́là sì ń jó lọ́wọ́ oníkálukú. Zacchaeus wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun náà ti kú. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi," ó ké, "ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ!"

Nígbà tí wọ́n fi tùràrí sin ín délé, òkú náà wà ní pálọ̀, ó ń mumi. Matilda, ìyàwó Zacchaeus, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní òun wo ẹsẹ̀ rẹ̀, òun rí i pé ó tẹlẹ̀, òun sì ní kó wọlé kí òjò má pa á. Fisáyọ̀ ò bínú lọ títí. Ohun tó dùn ún ni pé ìyá òun ka ìròyìn náà, ó ṣubú lulẹ̀, ọsibítù ló sì wà.

"Etí mi ló ṣe ń sunkún ikú mi lórí fóònù," ó wí. "Mo ní, 'Màámi, èmi nìyí o.' Ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀, pé òkú kì í pe èèyàn kó dáa."

Omi bọ́ lójú Zacchaeus. Ó gba fóònù, ó bẹ ìyá arúgbó náà títí obìnrin náà fi rẹ́rìn-ín, ó sì pa ìròyìn náà rẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó búra pé òun ò tún ní gbé ìròyìn ikú kankan jáde láìjẹ́ pé àwọn ẹbí fẹnu ara wọn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sin Fisáyọ̀ dé géètì, ó fọwọ́ ra orí.

"Ẹ má bínú sí mi o, àbúrò. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí n yà yín ní fọ́tò kan. Káyé lè rí i pé ẹ ti jí."

Kó tó di oníbúlọ́ọ̀gì, ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Erékùṣù Èkó ni Zacchaeus ti ṣiṣẹ́ títí ibẹ̀ fi kógbá sílé. Ó ní òun ò tún lọ wá iṣẹ́ ọ̀gá kankan mọ́. Búlọ́ọ̀gì lòun máa fi jẹun. Níbẹ̀rẹ̀, èrò ọkàn rẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀: bí ìjọba ṣe yẹ kó tún títì ṣe, ohun tí ìwé Jóòbù kọ́ òun, ìdí tí iṣu fi ń jóná lẹ́yìn kó tó jinná nínú. Kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ló ké "Halelúyà!" tí Matilda fi sáré jáde láti kíṣìnì. Ó ní èèyàn kan ti wọlé! Naomi ọmọ wọn obìnrin, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló wá wò ó dáadáa. Èèyàn kan wọlé lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Gàníyù nìyẹn, láti gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu aráyé. Òṣèré, olórin, àwọn ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tí wọ́n ń sọ ṣá nìyẹn. Òun náà bá gbá a mú.

"Bàbá Naomi," ni Matilda wí, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà lẹ wá ń kọ ọ́ pé olórin kan já olólùfẹ́ rẹ̀ jù sílẹ̀?"

"Mo fi ń pè wọ́n ni, Màmá Naomi. Tí wọ́n bá ti dé tán, màá sọ̀rọ̀ Jóòbù fún wọn."

Wọ́n dé lóòótọ́. Tí wọ́n bá ti rí Jóòbù lókèèrè báyìí, wọ́n á yà bàrá.

Fọ́tò Fisáyọ̀ tó jí dìde ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ló wá wò ó, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ibẹ̀ ti tún pa lọ́lọ́. Zacchaeus wá rí i pé òkìkí ló ń pe èèyàn wá, ohun tó wúlò ló ń mú un padà. Ó ní kí Naomi bá òun ṣe nǹkan táwọn èèyàn á máa lò. Àkọ́kọ́ ni ojú ìwé tí wọ́n pè ní Ṣé Iná Wà?, níbi tí àwọn ará Ìkọ̀tún, Ìgàndó àti Ẹgbẹ́dá ti ń sọ fún ara wọn bóyá iná ti dé àdúgbò wọn. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi gbà pé Zacchaeus gan-an ló ń pín iná. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Happiness wá bá a nílé tìjàtìjà, ó ní ẹja òun ti ń bàjẹ́ nínú fíríìjì, kí ló dé tó mú iná àwọn? Kó ṣáà lè máa lọ ni Zacchaeus ṣe ní òun ti gbọ́, òun á mú un wá. Obìnrin náà ò tíì kúrò ní géètì tí iná fi dé. Ó wo Zacchaeus, ó wo gílóòbù. Láti ọjọ́ náà, tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń kúnlẹ̀ kí i ni.

Ohun èlò kejì ló mú ìbẹ̀rù wọ ilé náà. Èyí wà fún àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n á tẹ bí yàrá ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, á sì sọ iye búlọ́ọ̀kù tó máa gbà fún wọn. Ní àsìkò ọyẹ́ kan, Zacchaeus kíyè sí i pé ẹnì kan ń wá síbẹ̀ láràárọ̀, nǹkan kan náà ló sì máa ń tẹ̀.

"Màmá Naomi, irú yàrá wo ló gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta? Ilé adìyẹ ni àbí?"

Matilda ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí atẹ.

"Bàbá Naomi," ó wí jẹ́jẹ́, "ìyẹn kì í ṣe yàrá."

Zacchaeus ò lè jẹun mọ́. Àràárọ̀ lẹni náà ń wá, á wọn ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́ta, á sì lọ. Níkẹyìn, Zacchaeus kó gbogbo ìròyìn òṣèré kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: *Ẹni tó ń wọn ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Ẹ má wọn ọ́n mọ́ kẹ́ ẹ tó pè mí.* Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Èrò ya wọlé bí omi. Àwọn kan ní kó máa ta ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí ìtàn orí rédíò, pé á gbajúmọ̀ kọjá ti Fisáyọ̀. Òun tó fẹ́ràn èrò ju oúnjẹ lọ kò tilẹ̀ wo iye wọn.

Fóònù dún. Èémí nìkan ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn àgbàlagbà kan wí pé, "Èmi ni. Àgbàdo ni mò ń gbé. Ẹ lè máa bọ̀."

"Ẹ ò ní lọ!" ni Matilda pariwo. "Tí wọ́n bá fi orí yín ṣoògùn ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ló kún inú rẹ̀."

Wọ́n jọ lọ ni. Ọyẹ́ bo Àgbàdo lọ́jọ́ náà débi pé èèyàn ò rí iwájú dáadáa. Àwọn ilé tí wọn ò tíì parí tò lọ lápá méjèèjì ọ̀nà, wọn ò ní òrùlé, wọn ò ní fèrèsé, wọ́n kàn ń la ojú sílẹ̀ ni. Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun nìkan ni wọ́n ti kùn lọ́dà. Bàbá arúgbó kan dúró síwájú rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó de táì.

"Richard ni orúkọ mi. Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wò ó."

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ilé. Ihò ló wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ gún régé, wọ́n gbá etí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Matilda di ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ mú.

"Ta lẹ gbẹ́ eléyìí fún, sà?" Zacchaeus ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa.

"Ara mi ni. Òkè òkun ni àwọn ọmọ mi wà. Tí mo bá kú, àwọn bíríkìlà máa rẹ́ wọn jẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ iye búlọ́ọ̀kù gan-an."

"Ṣé àìsàn kan ń ṣe yín ni?"

"Rárá o. Ara mi le."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń wọn ọ́n láràárọ̀, sà? Iye ẹ̀ ò kúkú yí padà."

Bàbá náà ń yí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

"Tí mo bá ti wọn ọ́n tán," ó wí, "ó máa ń kọ ọ́ sí mi pé, 'Ẹ ṣeun o. Ẹ tún padà wá lọ́la, à ń retí yín.' Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, kò sẹ́lòmíràn tó ń retí mi."

Zacchaeus ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀. Ó kọ ọ́ kí èrò lè pọ̀ ni, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró létí ihò, ó wo inú rẹ̀, ó wo Richard láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí ò lè tó láyé, sà. Ẹ wo ikùn yín."

Richard wo ikùn rẹ̀. Ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Ní ilé rẹ̀ ni wọ́n ti jẹun ọ̀sán, ó sì ń sọ ìtàn àwọn òṣèré ayé àtijọ́ fún wọn, ẹni tó sá kúrò lórí ìtàgé nítorí ìyàwó rẹ̀ jókòó sáàárín èrò, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ já bọ́ sínú ọbẹ̀. Zacchaeus ní kó máa kọ wọ́n sórí búlọ́ọ̀gì. Ojú ìwé Bàbá Richard ló wá gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, èyí sì ń dun Zacchaeus díẹ̀. Ihò náà ńkọ́? Wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ní àsìkò òjò ni Zacchaeus ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bọ́ kóòtù, ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀. Kò jí mọ́.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ tuntun jáde lórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀: *Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé yín ni? Mò ń wò yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Pleasure.*

Gàníyù ń gé irun lọ́wọ́ nígbà tó kà á. Ó ju fóònù sínú korobá omi, ó sì fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ìlàjì irun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú gúrúùpù àdúgbò láìdágbére. Àwọn Aládùúrà tún gbé tùràrí dé. Naomi ló ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ó ní bàbá òun máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú ni, á sì fi ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jáde fúnra rẹ̀ sí i, nítorí iná tí kò ṣeé gbára lé. Èyí tó kù ṣì pọ̀.

"Ṣé kí n dá wọn dúró, Mọ́mì?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Matilda wí. "Jẹ́ kí bàbá ẹ sọ̀rọ̀ tán."

Wọ́n ń jáde bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ò sì bẹ̀rù mọ́. Wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń bá a jiyàn bí ìgbà tó wà láyé. Nígbà tó yá, ó di àárọ̀ kan tí nǹkan kan ò jáde. Ilé náà dákẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà.

Matilda ò ka búlọ́ọ̀gì náà rí nígbà ayé ọkọ rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí itan, ó ní kí Naomi fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ han òun. Ó ti pẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà níbẹ̀:

*Ẹ jẹ́ kí n dán an wò. Èmi Zacchaeus nìyí. Òjò ń rọ̀. Ìyàwó mi ń kọrin ní kíṣìnì, kò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?*

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nísàlẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?" ni Matilda béèrè.

"Ẹ tẹ ibí yìí, Mọ́mì."

Ó fi ìka kan ṣoṣo wá àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ lórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí Naomi ran òun lọ́wọ́.

*Mo wà níbí, Bàbá Naomi. Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Ẹ̀yin ni mò ń kọ orin náà fún.*