Ẹsẹ̀ Òsì Ìyá Aránṣọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọdún tí Ìyá Aránṣọ ti fi jókòó, ẹ má bi í, ẹ wo àga rẹ̀. Tìmùtìmù orí rẹ̀ ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń rán ṣòkòtò níwájú fèrèsé kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí pẹ́dàlì máṣíìnì, ẹsẹ̀ òsì nínú sálúbàtà, tó ń ṣe bí ọ̀gá tí kì í fọwọ́ kan iṣẹ́.

Kò rí ohun tó burú níbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀, àjà kẹrin ló ń gbé. Ìyá Aránṣọ di ẹ̀wù kékeré mẹ́fà, ó kọrí síbẹ̀. Kó tó dé àjà kejì, orúnkún ti ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀wù rán aládùúgbò kan sókè, ó bá yí padà sílé. Ẹ̀wù rí ọmọ, ìyá àgbà ò rí i. Ó dùn ún wọra.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ní òun á gbé ìkókó náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ó kọ̀. “Ọmọ tèmi ńkọ́? Òun náà ni mo fẹ́ rí. Màá gòkè kó tó di pé òun ló sọ̀ kalẹ̀.”

Oníbàárà rẹ̀ kan, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá, mú ṣòkòtò wá kó bá òun gé e kúrú. Ìyá Aránṣọ rojọ́ àtẹ̀gùn fún un. Tíṣà ní kó fi tépù wọn itan rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀tún fi íńṣì kan ju òsì lọ.

“Ẹ rí i, Màámi,” ni tíṣà wí. “Iṣan tí a bá ń lò ló ń lágbára. Ẹ kọ́kọ́ máa rìn jẹ́jẹ́ kí ara yá. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dìde lórí àga yìí láìfọwọ́ tì í, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sì sinmi. Bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu ìrìn, ẹ ti sáré jù.”

Obìnrin náà gbọ́ o, ṣùgbọ́n alágídí ni, n ò bú u. Ta ló ráyè ìdìde-jókòó nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sórí pẹ́dàlì, kó fi òkò kan pa ẹyẹ méjì. Ẹsẹ̀ tí ò ṣiṣẹ́ rí! Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra tẹ̀ ẹ́. Máṣíìnì sáré lọ, kó sì tó dúró, ó ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò tíṣà méjèèjì pọ̀.

Tíṣà dé, ó fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ò ríbi jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, Màámi.”

Láti ọjọ́ náà ló ti gba ìmọ̀ràn. Bó bá ti parí ṣòkòtò kan, á rìn yípo ṣọ́ọ̀bù, á dìde, á jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tó yá, àwọn náà ń bá a kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí ọmọ rẹ̀ bímọ, ó padà síbi àtẹ̀gùn. Bó ṣe ń gòkè ló ń ka orúkọ gbogbo oníbàárà tí ò tíì wá gbé aṣọ wọn, kó lè mọ̀ bóyá èémí ṣì tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi tó jókòó sí lọ́jọ́sí, ó dúró, ó fìka méjì kan ọrùn ọwọ́, ó dúró títí ọkàn fi lù wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tún gbéra.

Ọmọ rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àjà kẹrin, ìkókó lọ́wọ́, omi lójú. Ó yára fa àga. “Màámi, ẹ jókòó ná, kí n gbé e fún yín.”

Ìyá Aránṣọ na ọwọ́ méjèèjì. “Gbé e wá. Mo ti jókòó tó.”